Ẹni Tó Sin Mí Ni Kó Wá Hú Mi

Tí adìẹ bá yé ẹyin sórí ilẹ̀ wa lẹ́sẹ̀ òkè Helan, àfi ká máa kan gbogbo ohun tó bá rí róbótó lórí, kọ́kọ́kọ́, ká tó mọ èyí tó jẹ́ ẹyin àti èyí tó jẹ́ òkúta. Bàbá bàbá mi ní nígbà tí Bàbá Ọ̀run ń pín ilẹ̀ fáráyé, àpò òkúta tó gbé kọ́ èjìká ló ya lórí tiwa. Ó wolẹ̀, ó rí i, ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o,” ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ajá tó bá fẹ́ ri egungun mọ́lẹ̀ níbẹ̀ á kọ́kọ́ lọ yá díígà.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, Dapao ni wọ́n ń pè mí, ìyẹn Àgbá Ìbọn, nítorí wọ́n ní tí mo bá la ẹnu, ariwo ibẹ̀ ju ọta lọ. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àbúrò mi Gensheng àti Suyun ọmọ ìdílé Qiao, ojú mi ló ṣe, ẹsẹ̀ mi ló rìn ín, ẹ̀yìn mi yìí náà ló sì jẹ ìgbálẹ̀ tó wà nínú rẹ̀.

Gensheng jẹ́ ọmọ àbúrò bàbá mi. Bàbá tirẹ̀ ti kú, òun àti ìyá rẹ̀ ló ń tọ́jú oko àjàrà wọn, àjàrà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì pupa. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Tí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, òun ni yóò bẹ̀ ọ́ pé kó o má bínú pé ẹsẹ̀ òun le.

Lọ́dọ̀ wa, kí ilẹ̀ tó dì, dandan ni ká sin àjàrà. Òtútù wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré: tí èèyàn bá tutọ́ nígbà òtútù, yìnyín ni yóò bọ́ sílẹ̀, á sì ta padà gbá a lórúnkún. Igi àjàrà tó bá sun ìta, ó kú nìyẹn. Nítorí náà a ó tú u kúrò lára wáyà tó ń gùn, a ó tẹ̀ ẹ́ dùbúlẹ̀ nínú kòtò, a ó da erùpẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ bí òkú. Tí ìgbà ìrúwé bá dé, a ó wá hú u. Nínú gbogbo ayé, àwa nìkan la ń sin ohun tá a fẹ́ràn kó má baà kú.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Àǹtí Aiju ló kó àwọn obìnrin ìsàlẹ̀ odò wá bá wa sin àjàrà. Àǹtí yìí, tó bá rẹ́rìn-ín létí Odò Ìyeyè, àgùntàn orí òkè á gbórí sókè. Suyun, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ló mú dání. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń gbé fìlà kúrò lórí ẹnìkan lọ dé orí ẹlòmíì, tí àwọn méjèèjì á máa jà sí i. Gbogbo àwọn obìnrin ti fi ìborùn di ojú, ihò ojú ló ṣẹ́kù.

Igi kan tó ti gbó kọ̀, kò fẹ́ dùbúlẹ̀. Gensheng wọnú kòtò, ó sùn lé e lórí kó má baà ta sókè. Suyun dé pẹ̀lú ṣọ́bìrì, ó rí aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀, ó rò pé àpò ni wọ́n fi bo igi náà. Ó da erùpẹ̀ sí i. Ó tún dà á. Àbúrò mi, nítorí ìwà jẹ́jẹ́ burúkú yẹn, kò fọhùn! Ó dìgbà tó ku orí nìkan kó tó wúkọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ó ní, “mi ò tíì kú.”

“Yéè! Àǹtí ooo! Àjàrà ti sọ̀rọ̀!”

Gbogbo oko sáré wá. Suyun ti ju ṣọ́bìrì nù, ìborùn ti bọ́ lójú rẹ̀.

“Kí ló dé tí o ò pariwo?” ó bi í.

“Mo rò pé o máa dáwọ́ dúró.”

“Nígbà wo? Lẹ́yìn ìsìnkú?”

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ará, mo wà níbẹ̀. Ojú Gensheng dà bí ojú ẹni tó fọwọ́ kan wáyà iná. Ọmọbìnrin náà na ọwọ́ sí i pé kó dìde, kò dìde.

“Má yọ mí,” ó ní. “Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá sin àjàrà ló ń padà wá hú u nígbà ìrúwé. Ẹni tó sin mí ni kó wá hú mi.”

“Ta ló ṣòfin yẹn?”

“Èmi ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é.”

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ẹ̀fẹ̀ tó kọ́kọ́ ṣe nìyẹn. Ìyá rẹ̀ tó wà ní òdìkejì oko wò ó, ó wo ọmọbìnrin náà, ó fa ojú ro.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Gensheng fi ọtí sínú núdù, ó fi ọbẹ̀ sínú ife. Lọ́jọ́ kejì ó di àjàrà mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó tó ọjọ́ bíi mélòó kan, ó wá bá mi.

“Bùrọ̀dá Dapao, ṣé àwọn ará ìsàlẹ̀ odò máa ń ná ọjà ìlú?”

“Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ni, àbí ẹnìkan nínú wọn?”

“Wọn… gbogbo wọn.”

“Gbogbo wọn á máa mu ọbẹ̀ ẹran àgùntàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń ta ìbọ̀sẹ̀ lọ́jọ́ ọjà,” mo ní. “Mo ti ránṣẹ́ sí Àǹtí Aiju. Lọ fá irùngbọ̀n rẹ.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe jókòó lọ́jọ́ ọjà, àwa mẹ́rin, ooru ọbẹ̀ ń rú sókè bí èéfín ọkọ̀ ojú irin. Èmi àti Àǹtí Aiju dojú kọ abọ́ wa bí ẹni pé a di odi. Etí wa nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

“Bàbá mi ti gbọ́,” Suyun ní. “Ó ní òun ò ní fi ọmọ òun fún ẹni tí yóò máa fi òkúta bọ́ ọ. Ó ní ilẹ̀ tòun ní ìsàlẹ̀ odò, tí èèyàn bá ki ìka bọ̀ ọ́, ìka á rúwé.”

“Òótọ́ ni bàbá rẹ sọ.”

“O ò tiẹ̀ ní bá wọn jiyàn?”

“Ilẹ̀ tó sanra dára fún ìrẹsì. Ọ̀rọ̀ àjàrà ló yàtọ̀.” Ó fi ṣíbí ro ọbẹ̀ rẹ̀. “Wo èyí. Tá a bá bu omi kún un, abọ́ á kún, adùn á lọ. Àjàrà tó bá bá omi àti ọ̀rá nílẹ̀, ọmọ olówó ni. Á máa ta ewé, á máa yangàn, èso rẹ̀ á tó ojú màlúù, ṣùgbọ́n omi lásán ni. Tiwa, ìyà ló tọ́ ọ. Gbòǹgbò rẹ̀ á fún ara rẹ̀ gba àárín òkúta kọjá, á wá omi lọ sísàlẹ̀. Èso rẹ̀ kéré, èèpo rẹ̀ nípọn, inú èèpo yẹn sì ni àwọ̀ wáìnì wà, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà.”

“Oòrùn ò tàn dé ọ̀dọ̀ tiwa ni?”

“Ó tàn. Àmọ́ òkúta máa ń gba oòrùn pamọ́ bí ìyá arúgbó ṣe ń fi súìtì pamọ́. Tílẹ̀ bá ṣú, òtútù á sọ̀ láti orí òkè, ẹsẹ̀ àjàrà á ṣì móoru, orí rẹ̀ á tutù. Ọ̀sán á fún un ní dídùn, òru ò ní jẹ́ kí kíkan rẹ̀ sá lọ. Òjò ò sì pọ̀ tó láti bu omi là á. Gbogbo ohun tí bàbá rẹ fi ń bú ilẹ̀ wa yẹn, òun gan-an ló ń mú wáìnì dára.”

Suyun wò ó títí. “Ṣé bí èèyàn ibẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn? Àwọn tí wọ́n gbìn sáàárín òkúta?”

Àbúrò mi pupa dé etí. “O ò tíì tọ́ ọ wò,” ó ní.

Ọbẹ̀ há mi lọ́fun! Àǹtí Aiju gbá mi lẹ́yìn gbì, ẹran tó jáde lẹ́nu mi fò kọjá títì, ajá kan gbé e kó tó balẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ojú Suyun ti yí padà. “Gensheng, gbọ́ o. Mi ò ní sá tẹ̀ lé ọ. Èmi nìkan ni bàbá mi bí. Tí mo bá gun òkè wá tí wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ̀rù ń bà mí pé lọ́jọ́ kan, mo lè jí, kí n wo òkúta yẹn, kí n kórìíra rẹ̀. Kí n kórìíra ìwọ náà. Àfi kí bàbá mi fi ẹnu ara wọn sọ fún mi pé ‘Máa lọ.’ Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò lọ.”

“Ọ̀rọ̀ méjì péré ni,” Gensheng dáhùn.

“Ìwọ ò mọ bàbá mi.”

Ìyá Gensheng náà ti ní tirẹ̀ láti sọ nílé. “Ọmọ ìsàlẹ̀ odò? Àwọn tí ọwọ́ wọn rọ̀ bí tófù! Ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, ẹ̀fọ́ ni wọ́n sì ń bí.” Àmọ́ nígbà tó rí i pé ọmọ rẹ̀ ń gbẹ bí ẹran tí wọ́n sá sórí okùn, ó mí kanlẹ̀, ó ní kí èmi àti Àǹtí Aiju lọ ṣe alárinà.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá dojú rú nìyẹn. Ará Shanxi ni ìyá Gensheng, ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá. Lọ́dọ̀ àwọn ará Shanxi, ọtí kíkan tí wọ́n ń bù sí oúnjẹ ju wúrà lọ. Wọ́n ní ọmọ wọn, ọtí kíkan ni wọ́n ń fún un mu dípò ọyàn. Ẹ̀bùn ìdána gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì-méjì, nítorí náà obìnrin náà gbé ìkòkò kan tó kún fún wáìnì tó dára jù nílé, ó sì lọ hú ìkòkò ọtí kíkan àjàrà kan tó ti gbó ju ọmọ rẹ̀ lọ jáde. Ó fi rìbọ́nù pupa dè wọ́n. Ìkòkò amọ̀ kan náà, ìdérí kan náà, bí ìbejì. Nínú ọkàn rẹ̀, ọlá tó ga jù láyé ló fi ránṣẹ́. Kò sì sọ fún wa.

Bàbá Suyun, Qiao Manliang, gbà wá lálejò bó ṣe yẹ. Èèyàn tó gùn bí òpó iná ni, ohùn rẹ̀ ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ kànga. Ó ti pe àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jọ, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì bíríkì tí iná ń jó lábẹ́ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ti bu tíì oníṣúgà fún wa. Obìnrin yẹn kì í sọ̀rọ̀. Odidi ọdún lè kọjá kó tó lo gbólóhùn kan tán.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” Àǹtí Aiju bẹ̀rẹ̀, “ẹ kọ́kọ́ tọ́ wáìnì àwọn ará òkè wò ná, kẹ́ ẹ tó kọ̀.”

“Màá tọ́ ọ wò,” bàbá náà ní. “Kí wọ́n má baà sọ pé mò ń sá.”

Ó ṣí ìkòkò kan, ó bu ife kún dẹ́nu, ó gbé e sókè sí gbogbo wa, ó dà á sọ́fun lẹ́ẹ̀kan náà gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin.

Ọtí kíkan ni.

Ẹ̀yin ará! Ojú rẹ̀ wọ inú, etí rẹ̀ yọ síta, irùngbọ̀n rẹ̀ ká jọ bí aláǹtakùn tí iná jó. Eyín rẹ̀ ké, mo gbọ́ ọ. Ìgbà náà ni àbúrò rẹ̀ tó kéré jù bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n ti mu ọtí kíkan!”

Kó yé yín: lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n bá ní èèyàn ń mu ọtí kíkan, owú ló ń jẹ olúwarẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé òótọ́ wà ńbẹ̀. Lásìkò ìkórè, àwọn tó ń ra àjàrà fún ilé-iṣẹ́ wáìnì ti wo èso àjàrà Bàbá Manliang tó tóbi bí ojú màlúù, wọ́n ní wáìnì rẹ̀ á ṣàn bí omi, wọ́n gòkè lọ sọ́dọ̀ àwọn olókùúta. Ọgbẹ́ ọjọ́ náà kò tíì jinná lára bàbá náà.

“Ẹ gbé ọtí kíkan wá bá mi nínú ilé mi?” Ohùn rẹ̀ gbé àwo kúrò lórí tábìlì. “Ẹ ní mò ń jowú òkúta?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ ná, ìkòkò kejì…”

“Ìkòkò kejì á jẹ́ ata! Ẹ jáde!”

Ìgbálẹ̀ ló fi lé wa. Àǹtí Aiju, àbúrò rẹ̀ ni, kò nà án. Èmi ló ń gba ti èèyàn méjì. Mo sáré tó bẹ́ẹ̀ tó fi rẹ òjìji mi lójú ọ̀nà, ilé ló ti wá bá mi. Lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn: “Suyun, o ò gbọdọ̀ gun òkè yẹn mọ́! Ọjọ́ tí mo bá fẹnu ara mi bẹ òkúta, ọjọ́ náà ni kí wọ́n padà wá!”

Nígbà tí ìyá Gensheng gbọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Èyí tó gbó jù! Èyí tí mi ò fún gómìnà! Ó tutọ́ sí ọlá tí mo bù fún un!” Ìjà wá di méjì.

Ìgbà òtútù yẹn gùn bí ìfun ràkúnmí. Àwọn méjèèjì ò fojú kan ara wọn. Àǹtí Aiju nìkan ló ń lọ sókè sódò, ẹnu ló fi ń kó ọ̀rọ̀.

“Ó ní ṣé o ṣì ń jẹun,” ó sọ fún Gensheng.

“Ẹ sọ fún un pé mò ń jẹun.”

“Irọ́ nìyẹn.”

“Ẹ bá mi pa á.”

Lọ́jọ́ kan Gensheng fi òkúta kan rán an sí Suyun. Òkúta lásán o, dúdú, róbótó, tó tóbi tó búrẹ́dì. “Ẹ ní kó máa gbé e sójú oòrùn lọ́sàn-án,” ó ní, “kó gbé e sínú ìbùsùn tílẹ̀ bá ṣú.” Mo sọ fún un pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi yẹtí ránṣẹ́ sí obìnrin.

Suyun gbé òkúta náà sójú fèrèsé. Tó bá di alẹ́, ó máa fi í sí ẹsẹ̀, ó máa móoru títí oorun á fi gbé e lọ. Àǹtí Aiju ní òun bá a lọ́jọ́ kan tó ń bá òkúta náà sọ̀rọ̀. “Ṣé ìwọ náà máa ń rẹ̀wẹ̀sì ni?” ló ń bi òkúta. “Àbí èmi nìkan ni?” Ó ń ronú pé bóyá ohun tó rọrùn jù ni kí òun gbàgbé, pé ọkùnrin tí kò lè pariwo nígbà tí wọ́n ń sin ín, ṣé yóò lè bá bàbá òun sọ̀rọ̀ láé?

Ìgbà ìrúwé dé, ó sì dé pẹ̀lú ẹ̀tàn. Oòrùn mú lójijì, omi odò tú, igi píìṣì ta òdòdó kí àwọn oyin tó jí. Lókè lọ́dọ̀ wa, a ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Àwọn àgbà ní kí èèyàn má hú àjàrà títí igi ápíríkọ́tì yóò fi bọ́ aṣọ òdòdó funfun rẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ Bàbá Manliang fẹ́ fi han gbogbo ayé pé ilẹ̀ tòun ló ń kọ́kọ́ jí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hú.

“Bàbá,” Suyun ní, “àwọn ará òkè ò tíì hú tiwọn o.”

“Òkúta ni wọ́n ń dúró dè kó rúwé!” Ó tún mú ṣọ́bìrì kejì.

Ó hú gbogbo rẹ̀, ó gbé wọn sórí wáyà. Wọ́n yọ ojú ewé kéékèèké, pupa díẹ̀, rírọ̀ bí etí ológbò. Bàbá náà ń rìn láàárín wọn bí ọba. Lọ́jọ́ kan lówùúrọ̀, rédíò ní òtútù ń padà bọ̀ láti àríwá. Títí di ọ̀sán, afẹ́fẹ́ fẹ́, ó sì dá lójijì. Ojú ọ̀run mọ́ roro, kò sí ìkùukùu kan tí yóò bo ilẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé ìhà wa mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Òtútù dà bí omi: á ṣàn sọ̀ lórí òkè, á kọjá lára wa, á lọ jókòó sínú kòtò ìsàlẹ̀ odò, kò sì ní dìde kó tó pa nǹkan.

A wà lóko nígbà tá a rí alùpùpù oníná Àǹtí Aiju tó ń bọ̀ láàárín òkúta, tó ń fò sókè bí àkèré. Suyun ló wà lórí rẹ̀. Kò tíì gòkè wá láti ìgbà ìgbálẹ̀. Ó dúró sórí ebè, èémí rẹ̀ ń já.

“Gensheng!”

Àbúrò mi ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “O wá hú mi?”

“Rárá. Mo wá bẹ̀ ọ́ kó o wá bá wa sin tiwa. Bàbá mi ò mọ̀ pé mo wá. Ó wà lóko, òun àti ìyá mi nìkan, wọ́n ń tẹ àjàrà sílẹ̀, wọn ò lè bá a kí ilẹ̀ tó ṣú.”

Gbogbo wa wo ìyá Gensheng. Obìnrin náà fi ọwọ́ lé ìbàdí.

“Bàbá tó na oníṣẹ́ mi ní ìgbálẹ̀?”

“Èmi ni wọ́n nà, Ìyá,” mo ní. “Mo ti gbàgbé.”

“Ẹ̀yìn rẹ nìyẹn. Ọtí kíkan tèmi ńkọ́?” Ó gbójú sókè wo ọ̀run. Ó wò ó pẹ́. Ó wá fa ṣọ́bìrì rẹ̀ yọ nínú ilẹ̀. “Ìjà wa ò kan igi,” ó ní. “Dapao, ṣáná sí katakata yẹn!”

Bí gbogbo adúgbò wa ṣe sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn, tọkùnrin tobìnrin, ṣọ́bìrì bí ọmọ ogun. Bàbá Manliang rí wa, ó nàró. Ẹrẹ̀ ti dé irùngbọ̀n rẹ̀.

“Ta ló pè yín?”

Gensheng rìn lọ bá a, jẹ́jẹ́, ó dúró níwájú rẹ̀. Mo rò pé yóò tún sọ pé “Òótọ́ ni.”

“Bàbá,” ó ní, ohùn rẹ̀ sì dún ju tèmi lọ, “ẹ lè lé mi lọ́la. Lónìí, ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún mi. Oòrùn ń lọ.”

Ó bẹ́ sínú kòtò. Mo wo Suyun. Ẹnu rẹ̀ ṣí.

Katakata ò lè ṣe púpọ̀, nítorí ojú ewé ti yọ, tí èèyàn bá yára, á ṣẹ́. Ọwọ́ la fi tẹ̀ wọ́n sílẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tuntun. Láàárín iṣẹ́ náà, igi kan kọ̀ fún Bàbá Manliang, ló bá sùn lé e lórí nínú kòtò. Ìyá Gensheng wà lókè rẹ̀. Ó gbé ṣọ́bìrì kan, ó dà á sí i lẹ́yìn.

“Ẹ dúró! Ẹ dúró! Èèyàn nìyí!”

“Mo rí i,” obìnrin náà dáhùn. Ó tún gbé òmíì dà sí i. “Ti ìgbálẹ̀ nìyẹn.”

Láti inú kòtò, a gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí àgbá bá ń yí. Bàbá Manliang ló ń rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí igi tó wà lábẹ́ rẹ̀ fi gbà láti sùn.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, igun kékeré kan ló ṣẹ́kù tí a ò lè bá. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìrì dídì funfun bo ìsàlẹ̀ odò bí aṣọ. Òdòdó píìṣì ti dúdú. Àjàrà tó wà ní igun yẹn, gbogbo ojú rẹ̀ jó bí ewé tíì tí wọ́n ti mu tán. Bàbá Manliang lọ dúró síbẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹ̀ka rẹ̀. Kò sì hú ìyókù. Ó dúró títí ápíríkọ́tì fi bọ́ aṣọ sílẹ̀, ó wá fúnra rẹ̀ rán Àǹtí Aiju sí wa pé ká wá.

Gensheng kúnlẹ̀ sí ẹsẹ̀ igi àkọ́kọ́, ó fi ìka họ erùpẹ̀ kúrò. Èmi gan-an dákẹ́, ẹ bi gbogbo ìlú. Ó gbé ẹ̀ka náà sókè díẹ̀díẹ̀. Ojú ewé wà lára rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá nítorí òkùnkùn, àmọ́ ó wà láàyè. A hú èkejì: ó wà láàyè. Bàbá Manliang jókòó sílẹ̀, ó fọn ikun imú, ó ní erùpẹ̀ ló bọ́ sóun lójú. Erùpẹ̀ náà bọ́ sí gbogbo wa lójú.

“Ẹ wá jẹun,” ó ní.

Núdù ni ìyàwó rẹ̀ sè. Bàbá náà fà á, ó tún fà á. “Ẹ ẹ̀ rí i,” ó sọ fún wa, “láti ìgbà òtútù ni núdù ìyàwó mi ti ń dùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Kí lo ń fi sí i gan-an?”

Ìyàwó rẹ̀, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, gbé ìkòkò amọ̀ kan kalẹ̀ lórí tábìlì. Rìbọ́nù pupa ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

“Ọtí kíkan ìyá Gensheng ni,” ó ní. “Ohun tó dára tó báyìí, ẹ fẹ́ kí n dà á nù?”

Ṣíbí ìyá Gensheng bọ́. Bàbá Manliang wo ìkòkò, ó wo abọ́ rẹ̀, ó wo wá.

“Gbogbo ìgbà òtútù,” ó ní jẹ́jẹ́, “gbogbo ìgbà òtútù ni mo fi mu ọtí kíkan láìmọ̀.” Ló bá lu tábìlì gbà. “Ó dáa! Mo jowú. Mo jowú òkúta yín. Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn? Níbo ni èkejì rẹ̀ wà?”

Wọ́n gbé wáìnì jáde. Lọ́tẹ̀ yìí kò dà á sọ́fun. Ó dúdú nínú ife bí ojú omi kànga. Ó tọ́ ọ, ó pa ojú dé, mo rò pé ó tún ti ṣàṣìmú.

“Ó di ahọ́n mi mú,” ó ní níkẹyìn. “Bí ẹni tó ń bá mi bínú. Ó wá dárí jì mí.”

Gensheng ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Suyun wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ìyẹ̀fun lọ́wọ́, kò lè wọlé, kò lè jáde.

“Bàbá, mo wá tọrọ…”

“Mo mọ ohun tó o wá tọrọ. Dìde kó o gbọ́ ìdána mi.”

Mo ti ń ro màlúù tá a máa tà.

“Òkúta,” bàbá náà ní. “Katakata tó kún dẹ́nu. Àwọn dúdú róbótó yẹn ni mo fẹ́, màá tò ó sẹ́sẹ̀ àjàrà mi. Mo wọ yàrá ọmọ yìí lálẹ́ ọjọ́ kan kí n pa iná fún un, mo rí ohun tó gbé sẹ́sẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Ó móoru.”

Suyun fi ọwọ́ oníyẹ̀fun bo ojú. Bàbá rẹ̀ yíjú sí i, ohùn ìsàlẹ̀ kànga yẹn di ohùn ọmọdé.

“Ìwọ náà, kí lò ń dúró ṣe níbẹ̀? Máa lọ.”

Ọ̀rọ̀ méjì péré. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé láti ìgbà ọbẹ̀ ẹran àgùntàn yẹn, mi ò tíì mí.

Ìparí ìgbà ìwọ́wé ni ìgbéyàwó, ọjọ́ tí a ń parí àjàrà sínsin, nítorí ìyá Gensheng kọ̀ láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ torí àríyá. A sin àjàrà láàárọ̀, a sin ìyàwó lọ́sàn-án. Katakata tó kó òkúta lọ ló gbé ìyàwó bọ̀, rìbọ́nù pupa nímú rẹ̀, èmi ni mo wà á, mo sì fọn fèrè rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òkè Helan fi sún sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ lọ wò ó, kò tíì padà síbi tó wà. Bàbá Manliang jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá Gensheng, wọ́n ń jiyàn lórí ọtí kíkan.

Kòtò kan ló ṣẹ́kù ní òpin oko. Gensheng, pẹ̀lú kóòtù ìgbéyàwó lọ́rùn, lọ dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ lórí igi àjàrà, ó gbójú sókè sí ìyàwó rẹ̀.

“Ó yá, sin mí.”

Suyun gbé ṣọ́bìrì, ó wò ó, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

“Mi ò lè sin ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ hú,” ó ní, ó sì na ọwọ́ sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dìde.